Ẹ Bi Wá: Ukulele àti àwọn orin àtijọ́

Láti oṣù mélòó kan ni lẹ́tà nípa ukulele (ohun èlò orin olókùn mẹ́rin tó jọ gìtá kékeré) ti ń pọ̀ lọ́wọ́ wa, pàápàá láti ọ̀dọ̀ àwọn akọrin ìjọ àti olùkọ́ ilé-ìwé nílùú Òṣogbo. A ṣa díẹ̀ nínú wọn síbí. Nígbà tí ẹ bá rí nọ́ńbà mẹ́rin lẹ́yìn orúkọ kọ́ọ̀dù (ohùn mélòó kan tí a ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà), ẹ kà á láti okùn G, sí C, sí E, sí A. Okùn G ló súnmọ́ àgbọ̀n yín jù tí ẹ bá gbé e dání, okùn A ló súnmọ́ itan. 0 ni okùn tí ẹ kò tẹ̀ rárá. 2 ni okùn tí ẹ tẹ̀ ní fírẹ́ẹ̀tì kejì, ìyẹn irin tẹ́ẹ́rẹ́ kejì tó dábùú ọrùn rẹ̀.

Mo ra ukulele fún ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 10. Bí a bá túùnù rẹ̀ lálẹ́, kí ilẹ̀ tó mọ́, ohùn rẹ̀ á ti yẹ̀. Àbúrò ọkọ mi tó ń ta gìtá bá wa tún un ṣe, àfi gbàù, okùn kan já. Ṣé ayédèrú ni wọ́n tà fún mi ni? (Ìyá ọmọ, Òkè-Fìà)

Ẹ fọkàn balẹ̀, Ìyá, ó ṣeé ṣe kí ó má jẹ́ ayédèrú rárá. Okùn ukulele kì í ṣe irin bíi ti gìtá. Náílọ́ọ̀nù ni, tàbí ike tó jọ ọ́, náílọ́ọ̀nù tuntun sì máa ń nà. Fún bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì àkọ́kọ́, gbogbo ìgbà tí ẹ bá gbé e ni ẹ ó máa túùnù rẹ̀. Ẹ lè ràn án lọ́wọ́: ẹ túùnù okùn kan dáadáa, ẹ fi ìka méjì mú un ní agbede-méjì, kí ẹ rọra fà á kúrò lára igi ní ìwọ̀n sẹ̀ntímítà kan, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ ní ibi mẹ́ta tàbí mẹ́rin lórí okùn náà, kí ẹ tún un túùnù. Ẹ ó rí i pé ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà mẹ́rin tàbí márùn-ún, nínà yẹn á dínkù gan-an.

Bí oṣù kan bá kọjá tí okùn kan ṣoṣo ṣì ń tú, ẹ wo ibi méjì. Àkọ́kọ́ ni èèkàn tí a fi ń lọ́ okùn. Ìdè kékeré kan wà ní ìdí rẹ̀. Bí ìdè yẹn bá tú, èèkàn á máa yí padà fúnra rẹ̀. Ẹ fi sukurudiráfà kékeré dè é díẹ̀, ìdá mẹ́rin yíyí kan ti tó. Ìkejì ni kókó tí wọ́n ta sí okùn nísàlẹ̀, lára àpótí. Bí ìrù okùn tó yọ síta níbẹ̀ bá ń kúrú sí i lójoojúmọ́, kókó náà ló ń yọ̀. Ẹ tú u, kí ẹ ta á lẹ́ẹ̀kan sí i. Lókè, okùn gbọ́dọ̀ yí èèkàn ká ní ẹ̀ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹta, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á máa yọ̀ níbẹ̀ náà.

Ní ti okùn tó já, ẹ má bínú, ẹ̀bi àbúrò ọkọ yín ni. Lórí gìtá, okùn òkè pátápátá ló nípọn jù, òun náà ló sì wọlẹ̀ jù. Ti ukulele kò rí bẹ́ẹ̀: okùn G ga ju C àti E lọ, A nìkan ló ga jù ú. Ẹni tó bá rò pé bíi ti gìtá ló rí á máa lọ́ C kí ó lè ga ju G lọ. Ohun mìíràn tún ni pé ọ̀pọ̀ túnà (ohun tí a fi ń mọ̀ bóyá ohùn okùn tọ́) orí fóònù máa ń kọ lẹ́tà nìkan, kò ní sọ C èwo. Ẹni tó bá ti kọjá C tó tọ́, tó wá ń lọ́ okùn náà lọ kí ó lè bá C tó tẹ̀lé e lókè, á já a kí ó tó débẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ dò-rè-mì láti inú ẹgbẹ́ akọrin ní àǹfààní kan níbí. Ẹ mú C ní dò. Okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, láti òkè wá sílẹ̀, ni sò, dò, mì, là. Sò yẹn wà láàárín mì àti là, kì í ṣe sò tó wà lábẹ́ dò. Okùn C ni kí ẹ kọ́kọ́ túùnù. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ okùn C ní fírẹ́ẹ̀tì kẹrin: ohùn yẹn gan-an ni okùn E gbọ́dọ̀ ní. Ẹ tẹ okùn E ní fírẹ́ẹ̀tì kẹta, G nìyẹn. Ní fírẹ́ẹ̀tì karùn-ún, A nìyẹn. Bí okùn bá ti ga jù, ẹ má kàn dá a padà díẹ̀ kí ẹ fi sílẹ̀. Ẹ tú u títí yóò fi wọlẹ̀ ju bó ṣe yẹ, kí ẹ tó lọ́ ọ gòkè wá. Okùn tí a dá padà láti òkè kì í dúró.

Bí ẹ bá ń lo fóònù, ẹ yan ukulele nínú rẹ̀, kí ẹ sì rí i pé GCEA ló kọ, nítorí àwọn kan wà tó máa ń gbé ADF#B wá. Bí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò bá sì ń ké, fóònù kò ní gbọ́ ohun tó dára. Túnà kékeré tí a ń há mọ́ orí ukulele ló sàn nígbà yẹn, torí gbígbọ̀n igi ló ń gbọ́, kì í ṣe afẹ́fẹ́.

Oríṣi mẹ́rin ni wọ́n ní ó wà. Èwo ni kí n rà fún ara mi, èwo ni kí n rà fún kíláàsì mi, kí sì ni kí n yẹ̀ wò kí n tó sanwó? (Olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, Alékúwodò)

Soprano gùn tó sẹ̀ntímítà 53, concert tó 58, tenor tó 66, baritone tó 76. Àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́ ń lo okùn kan náà, GCEA. Baritone yàtọ̀: DGBE ni, bí okùn mẹ́rin ìsàlẹ̀ gìtá, nítorí náà àwòrán kọ́ọ̀dù tí ẹ bá rí fún ukulele kò ní bá a mu. Ẹ má rà á bí ẹ bá fẹ́ kọ́ pẹ̀lú àwọn ọmọ yín. Fún ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, soprano. Fún àgbàlagbà tí ìka rẹ̀ fẹ̀, concert ni àwa á mú, nítorí lórí soprano, ìka mẹ́ta kọ́ọ̀dù G á máa ti ara wọn ṣubú.

Àwọ̀ àti àwòrán òdòdó kò ní kí ohùn dára. Ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ pa fírẹ́ẹ̀tì: irin ni ó gbọ́dọ̀ jẹ́. Àwọn kan wà tí fírẹ́ẹ̀tì wọn jẹ́ ike tí wọ́n dà pọ̀ mọ́ ọrùn. Ohun ìṣeré ni púpọ̀ nínú wọn, wọn kì í túùnù dáadáa. Lẹ́yìn náà, ẹ ta okùn kan láìtẹ̀ ẹ́, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ ní fírẹ́ẹ̀tì kejìlá, kí ẹ tún ta á. Dò ìsàlẹ̀ àti dò òkè ni kí ó jẹ́, rẹ́gí. Bí èyí tòkè bá yẹ̀ tí etí yín sì gbọ́ ọ kedere, ẹ dá a padà, nítorí kò sí bí ẹ ṣe fẹ́ túùnù rẹ̀ tí kọ́ọ̀dù á fi dùn.

Ìwọ̀n gíga okùn ni ọ̀pọ̀ kì í yẹ̀ wò, bẹ́ẹ̀ òun ló ń mú kí ọmọdé jù ú sílẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kejì. Ẹ kó káàdì ATM mẹ́ta léra, kí ẹ kì í bọ abẹ́ okùn ní fírẹ́ẹ̀tì kejìlá. Mẹ́ta léra á tó mìlímítà méjì àti díẹ̀. Bí ó bá wọlé tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan okùn, ó dára. Bí mẹ́rin bá wọlé tí àyè ṣì pọ̀, okùn ti ga jù, ìka á máa dunni, ohùn á sì máa gòkè yẹ̀ nígbà tí a bá tẹ̀ ẹ́. Ní ìkángun kejì, lórí ọrùn, ẹ wo egungun funfun kékeré tí okùn gbà kọjá. Bí ẹ bá túùnù okùn tó pé, tí fírẹ́ẹ̀tì kìíní wá ga ju bó ṣe yẹ lọ, ihò inú egungun yẹn kò jìn tó. Ẹni tó ń tún gìtá ṣe lè fi fáìlì tẹ́ẹ́rẹ́ gbẹ́ ẹ díẹ̀. Bí ó bá gbẹ́ ẹ jù, okùn á máa kùn, egungun tuntun ló kù láti fi sí i, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí káfíńtà àdúgbò dán an wò.

Níkẹyìn, ẹ tẹ fírẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan lórí okùn kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tẹ́tí sí ibi tó ń kùn. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ni, ojú lè máa ti ẹni tó ń tà á, ẹ̀yin ẹ ṣe é.

Mo ti mọ C, Am, F àti G sórí, ṣùgbọ́n bí mo bá fẹ́ bọ́ láti ọ̀kan sí òmíràn, orin á dúró. G ló burú jù. Ìka sì ń dùn mí. (Akẹ́kọ̀ọ́ UNIOSUN)

Ìka tí ẹ fi ń tẹ kọ́ọ̀dù ló ń fa ìdádúró, ju àìmọ̀ kọ́ọ̀dù lọ. Ẹ wò ó báyìí. Am (2000): ìka gbọ̀ngbọ̀n lórí okùn G, fírẹ́ẹ̀tì kejì. F (2010): ìka gbọ̀ngbọ̀n yẹn kò kúrò níbẹ̀, ẹ kàn fi ìfábẹ̀lá kún un lórí okùn E, fírẹ́ẹ̀tì kìíní. Púpọ̀ àwọn tó ń kọ́ ló ń gbé gbogbo ọwọ́ sókè láàárín méjèèjì láìnídìí. C (0003): ìka òrùka lórí okùn A, fírẹ́ẹ̀tì kẹta. Ìka òrùka ni o, ẹ má fi ìfábẹ̀lá tẹ̀ ẹ́ nítorí pé ó rọrùn lónìí. Bí òrùka bá wà níbẹ̀, ìka méjì yòókù wà ní ìmúrasílẹ̀.

G (0232) wá ńkọ́? Ìfábẹ̀lá lórí okùn C, fírẹ́ẹ̀tì kejì. Gbọ̀ngbọ̀n lórí okùn A, fírẹ́ẹ̀tì kejì. Òrùka lórí okùn E, fírẹ́ẹ̀tì kẹta. Bí ẹ bá ń ti C bọ̀, òrùka ti wà ní fírẹ́ẹ̀tì kẹta tẹ́lẹ̀; ó kàn máa kúrò lórí okùn A bọ́ sórí okùn E ni. Òun ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé, àwọn méjì yòókù á tẹ̀lé e. Láti F sí G ló le ní tòótọ́, nítorí gbogbo ìka ló ń ṣípò. Níbẹ̀, ẹ lo G7 (0212) dípò G: ìfábẹ̀lá tó wà lórí okùn E ní fírẹ́ẹ̀tì kìíní fún F kò ní kúrò, ẹ gbé gbọ̀ngbọ̀n sí okùn C ní kejì, kí òrùka bọ́ sí okùn A ní kejì. Nínú ọ̀pọ̀ orin àtijọ́, G7 tiẹ̀ máa ń dùn ju G lọ bí C ló bá tẹ̀lé e, torí ó ń fa etí padà sílé.

Bí ọwọ́ òsì bá pẹ́, ẹ má jẹ́ kí ọwọ́ ọ̀tún dúró dè é. Àṣírí kan wà nínú okùn ukulele: sò, dò, mì, là tí a kò tẹ̀ rárá kò ba kíì C (ìyẹn orin tí C jẹ́ dò rẹ̀) jẹ́. Nítorí náà, ní ìgbá tó kẹ́yìn kí kọ́ọ̀dù tó yí, ẹ lè gbé gbogbo ìka òsì sókè, kí ẹ gbá okùn lásán, kí ìka sì ti dé ibi tó ń lọ nígbà tí ẹ bá ka 1. Olùgbọ́ kò ní mọ̀. Ìlù tó dá dúró ni gbogbo ènìyàn máa ń gbọ́.

Ẹ mú kọ́ọ̀dù méjì péré, F àti G7 fún àpẹẹrẹ. Ẹ jẹ́ kí mẹ́tírónóòmù orí fóònù máa lu 60 ní ìṣẹ́jú kan, kí ẹ yí kọ́ọ̀dù ní gbogbo ìlù mẹ́rin. Bí ó bá rọrùn, ẹ yí i ní gbogbo ìlù méjì, ìyẹn ìyípadà 30 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹni tó bá lè ṣe ìyẹn láìdúró ti tó láti ta orin.

Ní ti ìrora: ẹ tẹ okùn lẹ́bàá fírẹ́ẹ̀tì gan-an, lẹ́yìn irin náà, kì í ṣe ní àárín àyè. Agbára tí ẹ ó nílò á dínkù gan-an. Orí ìka tó ń dunni fún ọ̀sẹ̀ méjì mẹ́ta kò burú, á yi. Bí ọrùn ọwọ́ bá ló ń dunni, ẹ dá a dúró, ẹ ti fún ọrùn ukulele jù nìyẹn. Ìṣẹ́jú 15 lójoojúmọ́ sàn ju wákàtí méjì lọ́jọ́ Sátidé.

Mò ń ta «Stand by Me». Kọ́ọ̀dù mi pé, àmọ́ àwọn ará ilé ní àwọn kò mọ orin tí mò ń ta àfi bí mo bá la ẹnu kọ ọ́. (B., Ọ̀tà-Ẹ̀fun)

Kọ́ọ̀dù lè pé kí àkókò wọn má pé. Orin Ben E. King ti ọdún 1961 yẹn dúró lórí ìyípo kan ṣoṣo, báà mẹ́jọ, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Báà kan ni kíka 1, 2, 3, 4. Ní kíì C: C fún báà méjì, Am fún méjì, F fún ẹyọ kan, G fún ẹyọ kan, C fún méjì. Ohun tí a fura sí ni pé ẹ ń pín in ní dọ́gba-dọ́gba, C méjì, Am méjì, F méjì, G méjì. Ìyẹn náà pé mẹ́jọ, ìdí nìyẹn tí ẹ kò fi mọ̀ pé ó ṣì. Kíyè sí i pé C méjì ìparí máa ń pàdé C méjì ìbẹ̀rẹ̀ ìyípo tó tẹ̀lé e, báà mẹ́rin gbáko lórí C. Ibẹ̀ ló ti máa ń sú ọ̀pọ̀, tí wọ́n á sì sáré lọ sí Am.

Lẹ́yìn ìyẹn, bí ẹ ṣe ń gbá okùn. Ẹ ka «1 àti 2 àti 3 àti 4 àti». Ọwọ́ ń lọ sísàlẹ̀ lórí nọ́ńbà, ó ń gòkè lórí «àti», láìdúró, bí ọwọ́ ẹni tó ń ju abẹ̀bẹ̀. Ohun tó ń yí ìlù padà ni ìgbà tí ọwọ́ kọjá láìfọwọ́ kan okùn. Èyí tó wọ́pọ̀ jù nìyí: sísàlẹ̀ lórí 1, sísàlẹ̀ lórí 2, òkè lórí «àti», ọwọ́ wálẹ̀ lórí 3 ṣùgbọ́n kò kan okùn, òkè lórí «àti» 3, sísàlẹ̀ lórí 4, òkè lórí «àti». Ẹ tẹ 2 àti 4 mọ́lẹ̀ díẹ̀ ju ìyókù lọ. Ẹ gbá okùn níbi tí ọrùn ti pàdé àpótí, kì í ṣe lórí ihò. Ẹ̀yìn èékánná ìfábẹ̀lá ló ń lọ sísàlẹ̀, ẹran ìka ló ń gòkè. Ọrùn ọwọ́ ló ń ṣiṣẹ́, ìgúnpá kò gbọdọ̀ mì. Píìkì líle tí wọ́n fi ń ta gìtá onírin máa ń há okùn náílọ́ọ̀nù, ẹ gbàgbé rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ ta orin rẹ́gè, ó yàtọ̀ pátápátá. «Three Little Birds» ti Bob Marley (1977) kò ní ju A (2100), D (2220) àti E lọ, ẹ sì lè fi E7 (1202) rọ́pò E tó le. Ẹ má gbá ohunkóhun lórí 1 àti 3. Lórí 2 àti 4, ẹ gbá a lẹ́ẹ̀kan ṣókí, kí ẹ pa ohùn náà lójú ẹsẹ̀. Ibi tí wàhálà wà ni pé lórí gìtá, ẹni tó fi ìka tẹ gbogbo okùn, tó bá tú ìka òsì sílẹ̀ díẹ̀, ti pa okùn nìyẹn. Lórí ukulele, A (2100) ní okùn méjì tí a kò tẹ̀, wọn á ṣì máa dún. Ọmọ-ńdinrín ọwọ́ òsì ni kí ẹ tẹ́ lé gbogbo okùn náà gbọọrọ, tàbí kí ẹ fi ẹ̀gbẹ́ àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún bò wọ́n.

Ohun kan tó kù ni pé ukulele kò ní báàsì. Okùn C rẹ̀, tó wọlẹ̀ jù, ni dò àárín dùùrù. «Stand by Me» sì jẹ́ orin tí báàsì rẹ̀ gan-an làwọn ènìyàn fi ń dá a mọ̀. Bí ẹ bá rí ẹni tó lè ta báàsì yẹn lórí gìtá, tàbí àgídìgbo tí wọ́n bá yín túùnù sí C, àwọn ará ilé á dá orin mọ̀ kí ẹ tó la ẹnu.

«No Woman, No Cry» ní kíì C wọlẹ̀ jù fún mi. Ọkọ mi ní ó ga jù fún òun. Àwa méjèèjì la fẹ́ kọ ọ́. (Akọrin ohùn kejì, Ìjọ kan ní Òkè-Báálẹ̀)

Ẹ má há orúkọ kọ́ọ̀dù sórí, ipò wọn ni kí ẹ há. Nínú orin yẹn, kọ́ọ̀dù mẹ́rin àkọ́kọ́ ni ti dò, ti sò, ti là (mínọ̀), ti fà. Ní C, wọ́n jẹ́ C, G, Am, F. Ní D: D (2220), A (2100), Bm (4222), G (0232). Ní G: G, D, Em (0432), C. Ní F: F, C, Dm (2210), B♭ (3211), B♭ yẹn sì máa ń dá ọ̀pọ̀ lóró. Ní A: A (2100), E7 (1202), F#m (2120), D (2220).

Fún ẹ̀yin, D ni kí ẹ kọ́kọ́ dán wò. Bí Bm bá ń yọ yín lẹ́nu, ẹ fi kápò (ohun tí a ń há mọ́ ọrùn láti tẹ gbogbo okùn pọ̀) sí fírẹ́ẹ̀tì kejì, kí ẹ máa ta C, G, Am, F yín lọ. D ló ń jáde. Ẹ gbé kápò súnmọ́ irin dáadáa, kí ẹ sì tún túùnù lẹ́yìn tí ẹ bá fi sí i, torí ó máa ń fa okùn. Kọjá fírẹ́ẹ̀tì karùn-ún, ohùn á tín-ín-rín jù.

Kápò kì í mú ohùn wálẹ̀, nítorí náà kò lè ran ọkọ yín lọ́wọ́. Kíì A ni kí ó lò, ó sì rọrùn ju bó ṣe rí lójú lọ: láti A sí F#m, ìka méjì ti wà níbẹ̀, ìka kan péré ni kí ẹ fi kún un. Kí ẹ lè jọ kọ ọ́, ẹ mú kíì tó bá ẹni tó ń léwájú mu, kí ẹnìkejì wá ohùn mìíràn gbà. Akọrin ohùn kejì ni yín, iṣẹ́ yín nìyẹn.

Gìtá ni mo ń ta. Ṣé mo ní láti kọ́ gbogbo kọ́ọ̀dù láti ìbẹ̀rẹ̀ ni?

Rárá o. Ọwọ́ yín ti mọ̀ wọ́n, orúkọ ló yàtọ̀. Okùn mẹ́rin ìsàlẹ̀ gìtá pẹ̀lú kápò ní fírẹ́ẹ̀tì karùn-ún ni ukulele, àfi pé G tiẹ̀ ga sí i ní òkítéfù kan (bíi láti dò ìsàlẹ̀ dé dò òkè). Bí ẹ ṣe ń tẹ D lórí gìtá, G ló ń dún níbí. G gìtá di C. A gìtá di D. C gìtá di F. Em gìtá di Am. Bí ìwé orin bá kọ G/B, ẹ ta G. Báàsì tó ń bèèrè kò sí níbẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi ń gbéyàwó lóṣù tó ń bọ̀, mo sì fẹ́ ta «Can't Help Falling in Love» nígbà tí ìyàwó bá ń wọlé. Gbígbá okùn kò bá a mu. Báwo ni kí n ṣe é?

Ẹ ta okùn lọ́kọ̀ọ̀kan, orin Elvis Presley ti 1961 yẹn kì í ṣe orin mẹ́rin-mẹ́rin, mẹ́ta-mẹ́ta ló ń yí. Àtàǹpàkò ló ni okùn G àti C, ìfábẹ̀lá ló ni E, ìka gbọ̀ngbọ̀n ló ni A. Ẹ ta wọn báyìí: G, C, E, A, E, C, ohùn mẹ́fà tó dọ́gba. Ìlà àkọ́kọ́ gba C, Em, Am, F, C, G kọjá. Em (0432) máa ń fa ìkọ̀sẹ̀ nítorí ìka mẹ́ta ló ń tò wálẹ̀ lórí ọrùn. Em7 (0202) lè gbapò rẹ̀, ohùn rẹ̀ rọ̀, kò sì ní ba orin jẹ́. Bí ó bá dà bíi pé ohùn àkọ́kọ́ fò sókè jù, okùn G ló fà á, ẹ máa bẹ̀rẹ̀ láti okùn C dípò rẹ̀.

Ukulele kò lágbára nínú gbọ̀ngàn. Ẹ gbé makirofóònù sí iwájú ibi tí ọrùn ti pàdé àpótí, bíi sẹ̀ntímítà 15 sí 20 sí i. Bí ó bá dojú kọ ihò, á máa bú. Ẹ sì bá àwọn onígángan sọ̀rọ̀ ṣáájú. Bí wọ́n bá rí ìyàwó kí ẹ tó parí, ó parí fún yín nìyẹn.

Bàbá mi ní ohun ìṣeré ọmọdé ni ukulele, kò sí àgbà olórin Yorùbá tó ta á rí. (Ọ̀dọ́, Àyétòrò)

Ẹ bá wa kí Bàbá, kí ẹ sọ fún wọn pé Àyìndé Bákàrè ta ukulele-banjo nínú jùjú kí ó tó bọ́ sórí gìtá oníná ní ìparí àwọn ọdún 1940. Ukulele fúnra rẹ̀ ti Hawaii wá. Àwọn ará Madeira, erékùṣù Potogí, tó gúnlẹ̀ sí Honolulu ní 1879 ló gbé gìtá kékeré wọn débẹ̀, tí wọ́n sì fi ṣe é.

Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti dé ni okùn E mi ti ń kùn. Etí fírẹ́ẹ̀tì sì ti ń gé mi lọ́wọ́.

Igi ló ń gbẹ tó sì ń sún kì. Ọrùn sún kì, irin kò sún kì, ó yọ etí síta. Ojú àpótí rọ̀ wálẹ̀, okùn sì súnmọ́ fírẹ́ẹ̀tì títí ó fi ń kàn án. Ẹ fi kànrìnkàn kékeré tí ẹ ti rẹ sómi, tí ẹ sì fún gbẹ dáadáa, sínú ike ọṣẹ tó ní ihò, kí ẹ gbé e sínú àpò ukulele, kí ó má kan igi. Ẹ tún un rẹ lẹ́yìn ọjọ́ méjì mẹ́ta. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan, bí kíkùn náà kò bá dínkù, ó lè jẹ́ pé fírẹ́ẹ̀tì kan ti gbéra. Àwọn tí wọ́n fi igi pẹlẹbẹ léra ṣe kì í tètè jìyà ọyẹ́ tó àwọn tó jẹ́ ògidì igi kan, èyí tí wọ́n fi ike ṣe kò sì mọ̀ pé ọyẹ́ wà.

Ẹ má gbé e kọ́ ara ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ẹ má sì fi sílẹ̀ nínú búùtù ọkọ̀ lọ́sàn-án. Ooru ibẹ̀ ń rọ gúlùù tó mú bíríìjì (igi kékeré tí okùn so mọ́ lójú àpótí). Etí fírẹ́ẹ̀tì tó ń géni, fáìlì kékeré ni wọ́n fi ń pa á, ẹ bo igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú sẹ́lótéèpù kí ó má baà ha. Bí ojú àpótí bá ti là, ẹ tú okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀ kí ẹ tó gbé e lọ fún ẹni tí yóò tún un ṣe, kí fífà wọn má baà la á síwájú sí i lọ́nà.